Ọ̀gá Ormsby-Kline àti Eré Ọ̀sán Ọjọ́rú

Ohun tí Thaddeus Ormsby-Kline ń wá láyé kò pọ̀. Kò wá ilé kejì, kò wá ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi, kò sì bá ẹnikẹ́ni du ìyàwó. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ ni pé kí wọ́n yọ orúkọ Tillinghast kúrò níwájú tíátà tó wà ní Òpópónà Karùndínláàádọ́ta nílùú New York, kí wọ́n fi orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀, kí gílóòbù sì yí i ká, kí ẹni tó bá ń ti Times Square bọ̀ lè kà á láìlo awò ojú. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí Tillinghast ti kú. Ìpara bàtà ló tà nígbà ayé rẹ̀. Lójú Ormsby-Kline, ọlá ìpara bàtà kò yẹ kó ju ọgọ́ta ọdún lọ.

Ọdún kẹtàlá rẹ̀ nìyí gẹ́gẹ́ bí olùdarí àgbà tíátà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yan eré tí wọn yóò ṣe, láti wá àwọn olówó tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, àti láti kí àwọn òǹwòran ní ṣókí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ kìíní nígbà tó bá rántí. Ó ń ṣe èkejì dáadáa. Ní ti ẹ̀kẹta, ṣókí yẹn ni kò tíì yé e.

Ní àràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́wàá, àwọn olórí ẹ̀ka máa ń pé jọ sí yàrá ìpàdé tó wà lókè. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó títí Ormsby-Kline yóò fi wọlé tí yóò sì fi síkáàfù rẹ̀ kọ́. Olórí ìpolówó á ní síkáàfù náà dára púpọ̀. Olórí ìgbọ̀wọ́ á ní kì í ṣe síkáàfù, ọrùn tó gbé e ni. Ormsby-Kline á ní kí wọ́n má yọ òun lẹ́nu, á sì dúró díẹ̀, bóyá ẹnìkan ṣì ní nǹkan tó fẹ́ fi kún un.

Ẹnìkan ṣoṣo tí kì í sọ nǹkan kan ni Dolores Facchini, alákòóso orí ìtàgé. Ọmọ Bensonhurst, àdúgbò kan ní New York, ni, ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló sì jẹ́. Ó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n jókòó sínú òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ létí, tó ń sọ ìgbà tí kọ́tìnnì yóò gòkè, ìgbà tí iná yóò yí padà, àti ìgbà tí ẹni tó ń rojọ́ lẹ́yìn ìtàgé yóò panu mọ́. Bí ìyìn ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń mu kọfí rẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ alákòóso. Alága wọn, Augusta Penhallow, opó ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin tí kì í pẹ́ dé ìpàdé, ti sọ fún Ormsby-Kline pé àwọn yóò dìbò lé e lórí ní oṣù Kẹrin, bí eré tó ń bọ̀ bá kún tíátà. Bí kò bá kún un, wọn yóò dìbò lórí nǹkan mìíràn. Ormsby-Kline kò béèrè ohun tí nǹkan mìíràn yẹn jẹ́. Ẹni tó bá ń wo òkè kì í béèrè bí ilẹ̀ ṣe rí.

Eré tó mú ni *Ọkọ̀ Ìkẹyìn sí Hoboken*, eré olórin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1951, tí wọn kò sì tíì gbé dìde lórí Broadway láti ọgbọ̀n ọdún. Ìtàn kápútẹ́nì ọkọ̀ ojú omi kan ni, tó ń gbé èèyàn kọjá odò Hudson lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, tí obìnrin kan sì ń dúró dè é ní èbúté Hoboken láti ọjọ́ kìíní. Kápútẹ́nì náà kò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rí. Ní òpin eré, ó kọ orin kan tí gbogbo ìyá àgbà tó wà ní New Jersey mọ̀ lórí. Ohùn kan wà ní ìparí orin náà, tó ga, tó sì gùn, tó jẹ́ pé ohùn yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń sanwó fún.

Ní ìpàdé Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kìíní, Ormsby-Kline kéde ẹni tí yóò ṣe kápútẹ́nì. Cade Mallory ni, òṣèré sinimá. Ẹ̀yin òǹkàwé ti rí i bó ń fò bọ́ sílẹ̀ láti orí nǹkan tó ń jó. Fíìmù mẹ́sàn-án ló ti fò báyẹn, ohun tó ń jó náà nìkan ló ń yàtọ̀. Àwọn olórí ẹ̀ka pàtẹ́wọ́. Olórí ìpolówó ní òun ń gbọ̀n. Facchini gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ó lè kọrin?"

"Dolores, ìbéèrè yẹn kéré sí iṣẹ́ tó wà níwájú wa. Irínwó mílíọ̀nù èèyàn ló mọ àgbọ̀n ọkùnrin yìí."

"Mo gbọ́ yín. Àgbọ̀n náà ńkọ́, ṣé ó lè kọrin?"

Ormsby-Kline ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú sùúrù, pé orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀fun. Ó ní ọ̀fun jẹ́ ọ̀nà kan lára ọ̀nà púpọ̀ tí orin lè gbà jáde nínú èèyàn. Olórí ìgbọ̀wọ́ kọ èyí sílẹ̀. Facchini béèrè ta ni yóò wà ní ìmúrasílẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, nítorí ìyẹn jẹ́ òfin, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó mú ẹni tó bá wù ú, nítorí kò ní sí ìgbà tí wọn yóò lò ó. Ó mú Anselm Batiste, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, tó ti ń bá wọn gbè orin lórí Broadway láti ọdún mẹ́tàdínlógún, tí orúkọ rẹ̀ kò tíì kọjá ìlà kẹtàlélógún nínú ìwé ètò kankan.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa Cade Mallory: kò sẹ́ni tó lè kórìíra rẹ̀. Òun ló ń ra búrẹ́dì bagel fún àwọn òṣìṣẹ́ ìtàgé láràárọ̀, ó sì mọ ẹni tó fẹ́ ti alùbọ́sà. Ó ń kí aṣọ́nà. Ó ń pe Facchini ní "màmá". Ó sì ń gbìyànjú. Ohùn rẹ̀ kò burú nísàlẹ̀. Bó bá ti ń gòkè ni ó máa ń dúró, bí ẹ̀rọ agbéniròkè tí iná lọ mọ́ lórí láàárín àjà kẹfà àti ìkeje, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń wo ara wọn lójú.

Èyí nìkan ì bá ṣeé mú mọ́ra. Nǹkan tó kù ni pé fíìmù ni Cade ti ń ṣe láti kékeré. Nínú fíìmù, bí èèyàn bá ṣì í, wọ́n á tún un yà. Nítorí náà, bó bá ti ṣì í lórí ìtàgé, á dákẹ́, á na ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un yà," á rìn padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, á sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹnìkan ní kó máa lọ.

Facchini pè é sẹ́yìn nígbà ìdánrawò kẹta. Ó ní, "Ọmọ, àwọn tó máa jókòó síbẹ̀ yẹn, ojú wọn ni kámẹ́rà. Ohun tó bá ti wọ ibẹ̀, a ò lè gé e kúrò."

"Mo mọ̀, màmá. Ẹ má bínú. Èmi mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ mi ni kò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ì bá kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, Ormsby-Kline yà wọ ibi ìdánrawò fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó bá Cade níbi tó ti na ọwọ́ sókè. Ó rí i bó ṣe rìn padà. Ó rí i bí gbogbo èèyàn ṣe dúró láìmọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má mira.

Lọ́jọ́ náà ló kọ ìkéde olójú ìwé mẹ́rin tó pe àkọlé rẹ̀ ní "Òtítọ́ Ẹ̀ẹ̀kejì", tó sì kà á fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìdúró. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé, "Kí ni àṣìṣe? Àṣìṣe ni òtítọ́ tí kò tíì múra tán. Àwọn baba wa nínú iṣẹ́ yìí máa ń fi àṣìṣe pa mọ́ fún òǹwòran bí ẹni fi àìsàn pa mọ́ fún dókítà. Láti òní lọ, ní tíátà yìí, òṣèré lè pa dà sẹ́yìn. Àkókò fúnra rẹ̀ yóò pa dà sẹ́yìn. Ayé yóò sì tọ̀ wá lẹ́yìn." Olórí ìpolówó sunkún. Ó ní erùku ni nígbà tó yá, ṣùgbọ́n Ormsby-Kline ti rí i. Olùdarí àwọn onígòjé àti onífèrè béèrè ibi tí àwọn yóò ti máa bẹ̀rẹ̀ padà bí Cade bá dúró. Wọ́n ní kó bi ọkàn rẹ̀.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí àwọn òǹwòran wọlé, Cade dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, kẹ́kẹ́ pa. Nígbà kejì, ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Nígbà kẹta, gbogbo ilé dìde, wọ́n ń hó yèè, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń yọ fóònù jáde lójú àwọn tó ń ṣọ́ èrò. Kó tó di ọ̀la, àwòrán ọwọ́ rẹ̀ tó nà sókè ti kárí ìlú. Tíkẹ́ẹ̀tì tán fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ilé ọtí tó kọjú sí tíátà, àwọn èèyàn ń ta tẹ́tẹ́ lórí iye ìgbà tí yóò tún un yà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ormsby-Kline gba ìkíni gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Ó ní òun ti rí i tipẹ́.

Facchini ń kọ ìròyìn eré lálaalẹ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń kọ kò ju ìlà méjì lọ. Alẹ́ àkọ́kọ́: wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú ogójì, àtúnyà mẹ́ta. Alẹ́ kẹrin: wákàtí mẹ́ta, àtúnyà mẹ́jọ. Alẹ́ keje: wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú márùndínlógún, àtúnyà mọ́kànlá, òǹwòran kò rẹ́rìn-ín mọ́ lẹ́yìn ìkẹfà. Ní ìsàlẹ̀ ìròyìn keje yìí, ó fi ìlà kẹta kún un, ohun tí kò ṣe rí: "Ọjọ́rú ń bọ̀."

Ẹni tó bá mọ Broadway kò nílò kí wọ́n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Àwọn eré alẹ́ jẹ́ ti ẹni tó bá fẹ́ wá. Eré ọ̀sán Ọjọ́rú, aago méjì gééré, ti àwọn ìyá àgbà ni. Wọ́n ń ti Paramus àti Teaneck ní New Jersey wá, wọ́n ń ti Long Island wá, bọ́ọ̀sì ń tò lọ lójú pópó, wọ́n mú aṣọ òtútù dání nítorí amúlétutù, wọ́n mú sáńwíìsì dání nítorí iye tí wọ́n ń ta ti ibẹ̀. Àwọn ló ń gbé eré ró nígbà tí òjò dídì bá lé àwọn àlejò ìlú lọ. Ní aago márùn-ún, àwọn ọlọ́pàá kò ní jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kankan dúró lójú pópó yẹn mọ́. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, eré ọ̀sán kì í kọjá aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. Kò sí nínú ìwé òfin kankan. Kò sì sẹ́ni tó dán an wò rí.

Facchini gun òkè lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó bá a níbi tó ti ń fi ọwọ́ wọn bí orúkọ rẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ tó lórí àwòrán iwájú tíátà. Ó sọ fún un pé bí wọ́n bá ń ṣe é lọ báyìí, àwọn èrò New Jersey yóò dìde lójú orin ìkẹyìn. Ó ní kó jẹ́ kí Batiste ṣe ti ọ̀sán, kí Cade sì sinmi de alẹ́. Ó ní Cade gan-an ló bẹ òun pé kóun wá sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú yẹn náà ni Ormsby-Kline ti pe àwọn lámèyítọ́ ìwé ìròyìn sí. Ọjọ́rú yẹn náà ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó, ní aago márùn-ún àbọ̀, lókè, láti dìbò lórí orúkọ. Penhallow alága yóò ti wà láàárín òǹwòran kó tó gòkè. Ormsby-Kline wo Facchini bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ tó ń béèrè ibi tí oòrùn ń sùn.

"Dolores, ṣé iṣẹ́ ọnà ń wọ bọ́ọ̀sì ni?"

"Rárá, ọ̀gá. Àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́."

Ó ní kó máa lọ. Ó ní òun yóò bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra òun kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n wá bá pàdé.

Ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́rú, ó jáde síwájú kọ́tìnnì, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Ó gba ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ìyá kan ní ìlà kẹwàá ti jẹ ìdajì sáńwíìsì rẹ̀. Eré bẹ̀rẹ̀ nígbà tó yẹ kí orin kejì ti parí. Ní ìdajì àkọ́kọ́, Cade tún un yà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ojú sì ń tì í sí i ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé àwọn ìyá náà kò rẹ́rìn-ín, wọn kò hó, wọ́n kàn ń wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí ìwé kò wọ̀ lórí. Nígbà ìsinmi, ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin gùn dé ẹnu ọ̀nà, bó ṣe máa ń gùn, kò sì sí agbára tó lè mú un yára.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí aago márùn-ún lù nígbà tí kápútẹ́nì bẹ̀rẹ̀ orin ìkẹyìn. Cade gun àjà kẹfà, ó dúró. Ó na ọwọ́ sókè. Ó tún un yà. Ó dúró. Ó tún un yà. Ìgbà tó dúró lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin kan dìde ní ìlà kẹsàn-án. Estelle Birnbaum ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Paramus, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó ti ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo eré ọ̀sán láti ọdún méjìlélógún láìsí ẹni tó sọnù.

"Ọmọ dáadáa," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dé ibi gbogbo, torí ohùn olùkọ́ kì í fẹ̀yìn tì. "Mo rí i pé ò ń gbìyànjú. Ó yẹ kí ìyá rẹ máa fi ọ́ yangàn. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ni bọ́ọ̀sì wa."

"Ẹ má bínú, màmá," ni Cade wí láti orí ìtàgé.

"A ò bínú. Máa jẹun dáadáa."

Ó gbé àpò rẹ̀. Àwọn mẹ́rìndínláàádọ́ta tó kó wá dìde pẹ̀lú rẹ̀. Bí àwọn ti Teaneck ṣe rí i, wọ́n wo aago, àwọn náà dìde. Àwọn Long Island tẹ̀ lé wọn. Kò sí ariwo, kò sí èébú. Kóòtù ń wọra, ọ̀pá ń kanlẹ̀, ẹnìkan ń béèrè ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì lé ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tó ń rìn jáde lójú àwọn lámèyítọ́, tí wọ́n ń kọ̀wé gìrìgìrì.

Ormsby-Kline rí èyí láti àga rẹ̀ lókè. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni orí Penhallow tó yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ láìmú kóòtù, síkáàfù rẹ̀ há sí ara irin ìdìmú àtẹ̀gùn, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kó tó dé òde, bọ́ọ̀sì Paramus ti kún. Ó ronú pé bóun bá lè dá bọ́ọ̀sì kan padà, ìyókù á tẹ̀ lé e. Ó gun ọkọ̀, ó di irin iwájú mú, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìpìlẹ̀ àti òrùlé iṣẹ́ ọnà nílẹ̀ yìí."

"Ọ̀gá," ni awakọ̀ wí, "ẹ bọ́ sílẹ̀ tàbí kí ẹ jókòó."

Ormsby-Kline na ìka kan sí i, bó ṣe ń na án sí àwọn olórí ẹ̀ka, ìyẹn ni pé gbólóhùn òun kò tíì parí. Ọdún mẹ́tàlá ni kò ti sẹ́ni tó já lu gbólóhùn rẹ̀. Níta, ọlọ́pàá obìnrin kan fi ọwọ́ gbá ara bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní aago márùn-ún ti lù. Ilẹ̀kùn pa dé. Ormsby-Kline ń ṣàlàyé ipò ẹwà nínú ìgbésí ayé arúgbó nígbà tí wọ́n kọjá Òpópónà Kẹsàn-án, ó sì ṣì ń ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán parẹ́ lójú fèrèsé. Wọ́n ti wọ ihò tó gba abẹ́ odò Hudson lọ sí New Jersey.

"Ẹ jókòó, ọ̀gbẹ́ni," ni Birnbaum sọ fún un, ó sì tọ́ka sí ìyá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ máa wó lu Harriet."

Ó jókòó. Ó yọ fóònù rẹ̀, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ihò náà. Ó béèrè bóyá awakọ̀ lè yí padà. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, torí wọ́n rò pé àwàdà ni.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín," ni Birnbaum wí. "Mo kà á níbì kan pé ẹ ti yí eré náà padà. Ṣé ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, àbí kò bọ́ sílẹ̀?"

"Ìbéèrè yẹn jinlẹ̀, ìyá."

"Kò jinlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ormsby-Kline la ẹnu. Ó wá ohun tí yóò sọ, ó wá a dé ìdí àpò ọkàn rẹ̀, ó rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbólóhùn níbẹ̀, kò sì sí èyí tó dáhùn. Kì í ṣe ẹni tó ń dúró di ìdajì kejì eré. Nígbà ìsinmi ló máa ń kó àwọn onígbọ̀wọ́ lọ síbi ọtí ní yàrá òkè, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń wà títí àtẹ́wọ́ yóò fi dún. Ọjọ́ òní nìkan ló pa dà sí àga, nítorí Penhallow. Ọdún mẹ́tàlá, eré mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sí èyí tó mọ bó ṣe parí.

"Ní ti ìtumọ̀," ó ní, "ó bọ́ sílẹ̀."

Birnbaum wò ó pẹ́. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ní ogójì ọdún mọ ojú ẹni tí kò kàwé wá. Ó yíjú sẹ́yìn.

"Kò mọ̀ ọ́n," ó wí.

"Kí ni?" ni Harriet béèrè.

"Ọ̀gá tíátà. Kò mọ bí eré ṣe parí."

Ọ̀rọ̀ náà lọ sẹ́yìn láti ìjókòó dé ìjókòó. Kò mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ ọ́n kẹ̀? Ọ̀gá wọn ni o. Ẹnìkan nídìí bọ́ọ̀sì ní ó ṣe é láàánú, ó sì fi ìdajì sáńwíìsì ránṣẹ́ síwájú. Wọ́n jáde nínú ihò, ìlà ọkọ̀ gùn lójú ọ̀nà bí ti ojoojúmọ́, Harriet sì bẹ̀rẹ̀ orin náà, torí ó ní òun kò lè sùn bóun kò bá gbọ́ ọ parí. Àwọn tó kù gbè é. Ohùn wọn kò ga. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó gùn náà, kò sí èyí tó lè gbé e tán nínú wọn, nítorí náà, bí èémí ẹnìkan bá tán, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbà á, ó sì lọ bẹ́ẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn títí wọ́n fi kọjá Secaucus. Ormsby-Kline jókòó láàárín wọn pẹ̀lú sáńwíìsì ẹja tuna lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́.

Ní tíátà, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gba àkókò. Nígbà tí Cade na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kẹrin, Facchini ti ránṣẹ́ sí àjà karùn-ún, níbi tí Anselm Batiste máa ń jókòó nínú aṣọ kápútẹ́nì ní gbogbo eré, bí ẹni tó rọ́pò ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. Cade yíjú, ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó lọ fi dé Anselm lórí. Facchini mú ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀, ó kéde bí òfin ṣe ní kó kéde, pé láti ìsinsìnyí lọ, Anselm Batiste ni yóò ṣe kápútẹ́nì. Cade kò jáde. Ó lọ jókòó láàárín àwọn tó ń ṣe èrò inú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń gbọ́. Nígbà tí Anselm dé ohùn gígùn náà tó sì gbé e, Cade ló kọ́kọ́ dìde. Ó tó ẹgbẹ̀ta èèyàn tó kù nínú ilé. Penhallow wà lára wọn. Ó gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ sórí àga.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní aago márùn-ún àbọ̀. Wọ́n dúró de Ormsby-Kline fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì pè é lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà tí ìpè keje wọlé, ó wà ní ibùdókọ̀ ilé ìtajà ńlá kan ní Paramus, níbi tí àwọn ìyá náà ti ń wá mọ́tò wọn.

"Thaddeus, ibo lo wà?" ni Penhallow béèrè.

"Mo wà pẹ̀lú àwọn òǹwòran wa."

"Àwọn òǹwòran wa ti jáde lọ sílé. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé."

"Mo wà ní Paramus."

"Kí lò ń ṣe ní Paramus?"

Ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan. Gbólóhùn tó dára ni, ọ̀rọ̀ afárá wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ èbúté náà wà níbẹ̀. Penhallow kò dúró dè é. Ó ní orúkọ Tillinghast yóò wà níbi tó wà. Ó ní wọ́n ti dìbò lórí nǹkan mìíràn yẹn náà, kò sì sí ìdí tí yóò fi yára bọ̀. Wọ́n ti ní kí Facchini di ipò náà mú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n Facchini ní òun ní eré ní aago mẹ́jọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ormsby-Kline ra ìwé ìròyìn, ó kà á lórí ìdúró ní ilé ìdáná rẹ̀. Ìwé náà yin eré yẹn bí wọn kò ṣe yin èyíkéyìí láti ọdún púpọ̀. Orúkọ Anselm Batiste wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Wọ́n ní kò sí òṣèré sinimá tó mọ orin gbọ́ bí Cade Mallory. Wọ́n dárúkọ Facchini. Wọ́n dárúkọ olùdarí orin, wọ́n dárúkọ ẹni tó tan iná. Ormsby-Kline kà á dé òpin, ó pa dà kà á láti òkè. Ibi tó sún mọ́ ọn jù ni ìlà kẹta, tó sọ pé ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ti kọ́kọ́ jáde wá sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú.

Ó pe ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà. Ó ní àṣìṣe wà nínú ìròyìn wọn, òun sì fẹ́ kí wọ́n ṣàtúnṣe. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ṣe sùúrù. Ó gba orúkọ rẹ̀, ó ní kó sípẹ́lì rẹ̀, ó béèrè bóyá àmì ìdè wà láàárín rẹ̀. Ó ní wọn yóò wádìí.

Wọ́n wádìí lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, àtúnṣe náà jáde lójú ìwé kejì, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn ojú ọjọ́: "Nínú ìròyìn wa ti àná nípa *Ọkọ̀ Ìkẹyìn sí Hoboken*, a sọ pé ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ni."